Àléébù Ọkọ̀ Àlòkù: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sọ Ọ́?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ máa ń jiyàn lé lórí ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, pàápàá ní oṣù tí owó àyálò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá jáde, tí ẹnìkan nínú wọn sì ń múra láti lọ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ènìyàn bá ń ta ọkọ̀ tí ó ti lò, tí ó sì mọ àléébù kan nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí, ǹjẹ́ ó di dandan fún un láti sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á, bí onítọ̀hún kò bá tilẹ̀ béèrè? Àwọn kan a ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn a sì dákẹ́, bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ojú ni a fi ń ra ọjà, ẹni tí kò bá la ojú rẹ̀ ni kí ó bá ara rẹ̀ wí. Mo ti gbọ́ ti ìhà méjèèjì, ó sì hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ìhà kọ̀ọ̀kan ti rò lọ.

Kí á tó dá ìhà kan láre, ó yẹ kí á mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ olówó lọ́wọ́, yóò bínú ní ọjọ́ méjì, yóò sì ra òmíràn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́rin tu owó jọ, tí ó sì yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó lè rà. Bí ó bá jẹ́ oṣù 24 ni wọ́n dá fún un láti san gbèsè náà, tí ọkọ̀ sì dákẹ́ sí abẹ́ igi máńgòrò ní ọgbà mẹkáníìkì ní oṣù kejì, wọn kò ní ṣàì máa yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀ fún oṣù 22 tí ó kù. Yóò máa san owó ọkọ̀, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wí pé kí olùrà la ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni àṣìrà rẹ̀ ń dùn jù lọ.

Oríṣi ọkọ̀ àlòkù méjì ni ó wà ní ọjà wa. Èkíní ni èyí tí a ti ń lò ní ilẹ̀ yìí, tí ó ti mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà wa. Èkejì ni tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọkọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé padà wá sí ilé, ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. A kì í bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún. A kàn ń bá a yọ̀ pé ó dé ni. Èmi rò pé orúkọ náà ti ṣe ọkọ̀ ní oore tí kò tọ́ sí i, nítorí pé ó yẹ kí á bi ọkọ̀ léèrè. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí èyí kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń wa tiwọn ní ọwọ́ òsì, ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá, bí kò ṣe Amẹ́ríkà, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì. Òmíràn a sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Èkó. Òmíràn a sọ̀kalẹ̀ ní Kútọ̀nú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni òfin bẹ̀rẹ̀ pé kí a má ṣe gbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan kò dẹ́kun àtimáa gba ọ̀nà igbó. Ọkọ̀ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé lè dára ní ẹ́ńjìnnì, kí ó sì lẹ́wà ní ara. Inú ìwé ni àrùn tirẹ̀ wà, nítorí pé ọjọ́ tí àwọn aṣọ́bodè bá dá a dúró ni ẹni tí ó rà á yóò tó mọ̀ pé a kò san owó ibodè rẹ̀.

Omi pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina kọlu ìlú New Orleans ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, àti nígbà tí ìjì Harvey kọlu Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi bo ọkọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, a máa ń kọ irú èyí sára ìwé ọkọ̀, kí ẹni tí yóò rà á lè mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá rékọjá òkun, ọkọ̀ nìkan ni ó máa ń rékọjá. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé a dúró sí ẹ̀yìn. Lóòótọ́, nọ́ńbà ṣáásì wà, èyí tí í ṣe àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ bí a ti ń wá a lè fi í wá ìtàn ọkọ̀ náà rí láti ìhín. Ó ń náni lówó díẹ̀. Mo sì ti rí àwọn tí wọ́n náwó ju èyíinì lọ lórí ìnáwó ọjọ́ tí wọ́n ń kó ọrẹ́ jọ láti bá wọn yọ̀ sí ọkọ̀ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan yóò fẹ́ kí n sọ ohun tí ojú lè rí, n kò sì ní fi í dù wọ́n. Kí ẹni tí ń lọ wo ọkọ̀ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Kí ó gbé ọwọ́ lé e. Bí ó bá ti gbóná, kí ó béèrè ẹni tí ó tètè jí i, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná a máa fi àárẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Kí ó wo èéfín. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró fífẹ́ẹ́rẹ́, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Èéfín funfun tí ó nípọn, tí kò dá lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, omi rédíétọ̀ ni ó ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Dúdú ni ti epo tí ó pọ̀ jù. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin wà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rọ́bà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é, bí ó ti wù kí ó máa dán tó. Bí rọ́bà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bá ti jẹ títí ó fi ń yọ̀, tí aago ìrìn sì ń wí pé díẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti rìn, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́, rọ́bà kò sì mọ irọ́ pa. Kí ó tún rántí pé máìlì ni aago àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń kà: 100,000 máìlì ju 160,000 kìlómítà lọ. Kí ó ṣí ibi tí wọ́n ń gbé táyà àfirọ́pò sí, kí ó wò ó bóyá ẹrẹ̀ tí ó ti gbẹ wà níbẹ̀; kí ó wo ìdí àga bóyá ó dípẹtà; kí ó sì gbóòórùn inú ọkọ̀. Òòfà kékeré tí kò bá lẹ̀ mọ́ ara irin yóò sọ ibi tí àwọn panẹ́lì-bítà ti fi àtè dí.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Jíà kan wà tí ń ṣiṣẹ́ dáradára ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ó bá gbóná gidigidi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ta ni olùtà tí yóò gbà kí àlejò wa ọkọ̀ rẹ̀ fún wákàtí méjì? A lè da ọ́ìlì tí ó ki sí ẹ́ńjìnnì kí èéfín má baà jáde fún ọ̀sẹ̀ kan. A lè pa iná ìkìlọ̀ iwájú awakọ̀. A lè yí aago ìrìn padà sẹ́yìn. Alágbàtà yóò sì dúró tì í, yóò máa wí pé obìnrin oníṣègùn kan ni ó ń wà á, kò sì gbé e jáde ju ọjọ́ Ìsinmi lọ. (Bí gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ báyìí nípa rẹ̀ bá jẹ́ ti àwọn obìnrin oníṣègùn ní tòótọ́, kì bá tí sí aláìsàn kankan tí kò rí ìtọ́jú ní ilẹ̀ wa.) Ohun tí ó kù lẹ́yìn tí ojú ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹrù ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé olùtà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tajà, tí àwa tí a jẹ́ ọmọ oko gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Wọ́n a kó iṣu tàbí èso sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye owó rẹ̀, wọ́n a sì bá tiwọn lọ sí oko. Ẹni tí ń kọjá yóò mú ohun tí ó fẹ́, yóò sì fi owó sílẹ̀. A máa ń yin ìwà òtítọ́ wọn nítorí èyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé olùrà ni ọjà náà fi ọkàn tán. Olùrà ni ó lè jí i gbé. Iṣu kò lè tan olùrà jẹ lọ títí: yóò gbé e wò, yóò fi èékánná họ ọ́, bí ó bá sì jẹrà nínú, iṣu kan ṣoṣo ni ó bà á jẹ́. Ọkọ̀ ti yí ọ̀ràn náà padà. Nísinsìnyí olùrà ni ó wà nínú òkùnkùn, owó ọdún mẹ́rin sì wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní ayé ju ọkọ̀ lọ. Ní ọdún 44 kí a tó bí Olúwa wa, Cicero ará Róòmù kọ ìwé kan sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí ojúṣe ènìyàn. Ó sọ nínú rẹ̀ nípa oníṣòwò kan tí ó kó ọkà láti Alẹkisáńdríà lọ sí erékùṣù Rhodes ní àkókò ìyàn, tí ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ tí ó rù ọkà ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ṣé kí ó sọ, kí owó ọkà rẹ̀ sì wálẹ̀, tàbí kí ó dákẹ́? Ó tún sọ nípa ọkùnrin kan tí ń ta ilé tí ejò wà ní gbogbo yàrá rẹ̀, tí igi rẹ̀ sì ti jẹrà, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bí kò ṣe òun. Olùkọ́ kan, Diogenes ará Bábílónì, wí pé kí olùtà sọ àléébù tí òfin bá ní kí ó sọ, kí ó má sì purọ́; lẹ́yìn èyí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú dídákẹ́, nítorí pé dídákẹ́ kì í ṣe ìtànjẹ. Antipater, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Diogenes fúnra rẹ̀, takò ó. Ó ní kí a sọ gbogbo rẹ̀, kí olùrà má ṣe ṣaláìmọ ohunkóhun tí olùtà mọ̀, nítorí pé ènìyàn wà fún ire ọmọnìkejì rẹ̀. Cicero dá Antipater láre. Òfin ọjà Róòmù pàápàá ti fi dandan lé e pé ẹni tí ń ta ẹran tí ń ru ẹrù gbọ́dọ̀ sọ àrùn rẹ̀ jáde. Ẹrú ènìyàn pẹ̀lú wà nínú òfin kan náà, ohun tí ó yẹ kí ó mú wa ronú kí á tó máa yin àwọn ará Róòmù kọjá ààlà.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ Diogenes ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó ní ọgbọ́n nínú. Bí àléébù bá jẹ́ ohun tí olùtà àti olùrà lè jọ wò pẹ̀lú ojú kan náà, bí àga tí ó ya tàbí ọ̀dà tí ó ti ṣá, èmi kò rí ìdí tí olùtà yóò fi máa ka á bí ẹni tí ń jẹ́wọ́. Ẹ̀tọ́ ni kí olùrà náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ a máa yí ìwà padà gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti dákẹ́. Ẹni tí ó dákẹ́ níbi tí olùrà ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó dákẹ́ lásán ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbóná ẹ́ńjìnnì ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ kí olùrà tó dé, tí ó wá dákẹ́, èyíinì kò dákẹ́. Ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó gbóná ẹ́ńjìnnì àti ẹni tí ó kàn mọ̀ pé jíà máa ń yọ̀ ní ìkángun wákàtí kan, tí ó sì fi ọkọ̀ náà hàn fún ìdajì wákàtí? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò sì rí ìyàtọ̀ tí ó tó láti dá ẹni kejì láre. Àìmọ̀ olùrà ni àwọn méjèèjì ń tà.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà tí àwọn tí ń jiyàn kì í fẹ́ wò. Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé olùtà nìkan ni ó ń bá wí. Ẹ tún un gbọ́: ta ni ó mú owó lọ́wọ́? Ní ọdún 1970, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ní Amẹ́ríkà, George Akerlof, tẹ àròkọ kan jáde lórí ọjà tí olùtà ti mọ ohun tí olùrà kò mọ̀, ọkọ̀ àlòkù ni ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2001, òun àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún irú iṣẹ́ yìí. Kókó rẹ̀ kò ṣòro. Kí á wí pé ọkọ̀ méjì wà ní ọjà: èyí tí ó dára tó mílíọ̀nù 4 náírà, èyí tí ó ní àrùn kò ju mílíọ̀nù 2 lọ, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùrà, nítorí pé ó ń bẹ̀rù, yóò fún ẹnikẹ́ni ní mílíọ̀nù 3. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ dáradára yóò wí pé òun kò tà á, yóò sì gbé e padà sí ilé. Èyí tí ó ní àrùn nìkan ni yóò kù sí ọjà. Nígbà tí àwọn olùrà bá mọ èyí, wọn yóò tún já owó wọn wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjà yóò sì máa bàjẹ́ lọ. Àwọn àgbà wa ti fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ìṣirò sọ.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí: olùrà tí ó fẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún òun gbọ́dọ̀ gbà láti san owó òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti máa ń rí. Olùtà kan wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe, mo sì ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí mo pè.” Kí ni olùrà máa ń ṣe? Yóò di ọ̀rọ̀ náà mú bí ọ̀pá. Yóò tún já ìlọ́po mẹ́ta owó àtúnṣe náà wálẹ̀, yóò máa pariwo pé òkú ọkọ̀ ni, yóò sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wí pé ọkọ̀ tòun kò ní àléébù kan, tí yóò sì fún onítọ̀hún ní iye tí ó pè. Ìwé Òwe nínú Bíbélì mọ olùrà tí ń bu ọjà kù ní ojú ọlọ́jà, tí ó sì ń yangàn nígbà tí ó bá dé ilé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè bá wa sunkún pé kò sí olóòótọ́ ní ọjà. Òun ni ó lé wọn.

Mo gbà pé kò rọrùn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Nígbà tí gbogbo ohun tí ó ní bá ti wọ iye owó ọkọ̀, kò sí ohun tí ó kù tí ó lè fi ra òtítọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi rò pé ìṣirò owó pẹ̀lú jẹ́ ọ̀ràn ìwà, kì í ṣe ọgbọ́n ọjà nìkan. Bí olùkọ́ bá ní mílíọ̀nù 3 náírà, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó máa wò kì í ṣe ti mílíọ̀nù 3. Kí ó wo ti mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀ tàbí kí ó dín díẹ̀, kí ìyókù wà fún mẹkáníìkì tí yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò, fún ìwé, fún táyà àti bíréèkì. Kí mẹkáníìkì náà má ṣe jẹ́ ẹni tí alágbàtà mú wá. Kí ó sì san owó rẹ̀ fún un kí wọ́n tó débẹ̀, yálà ọkọ̀ náà yóò ṣe é rà tàbí kò ní ṣe é rà. Nítorí pé mẹkáníìkì tí ó jẹ́ pé ìgbà tí a bá rà á nìkan ni yóò rí owó gbà, ó ṣòro fún un láti wí pé kí a má rà á.

Àléébù kan wà tí n kò gbà kí a bá olùrà ṣe àdéhùn lé lórí rárá, àní bí olùrà bá tilẹ̀ wí pé òun gbà. Èyíinì ni bíréèkì, táyà tí ó ti gbó, àti ìdarí ọkọ̀ tí ó ń mì. Jíà tí ó yọ̀ yóò pa owó olùrà. Bíréèkì tí kò mú yóò pa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń sọdá, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná ọjà, tí kò sì rí ẹ̀dínwó kankan gbà. Bí owó tí a rí kò bá lè ra ọkọ̀ tí ó lè dúró nígbà tí a bá ní kí ó dúró, kò tíì tó ra ọkọ̀.

Ó ku ẹnìkan tí a kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń ra ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kì í lò ó títí ọjọ́ ayé. Ní ọdún mẹ́ta sí i, òun ni yóò kọ “Títà” sí ara gíláàsì rẹ̀, yóò sì gbé e sí iwájú ọgbà. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, tí owó aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, yóò wá wò ó ní ọ̀sán, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Yóò tẹ táyà wò. Yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò sì tì í. Yóò béèrè nípa epo àti rédíò, yóò sì gbàgbé láti béèrè nípa jíà, nítorí pé kò mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè. Lẹ́yìn náà yóò wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ óò gbà lórí rẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n yóò sì wo ojú rẹ̀.